Ẹni tí Adájọ́ Máa Pè

Mo ń dúró de ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí mi ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé ní Ìlúpéjú nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọbìnrin kan tó ń ṣèwádìí nípa àwọn alárùn ọpọlọ tó wà lẹ́wọ̀n.

“Màmá, a ò ní kọ orúkọ yín, kí ojú má baà tì yín.”

“Sáà kọ ọ́. Èmi ni mo pe ọlọ́pàá pé kí wọ́n bá mi gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù. Àgọ́ ni wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀wọ̀n ló wà báyìí.”

“Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, mà.”

“Ta ló ń sunkún? Tí ìwé yín bá dé ọwọ́ adájọ́, ó yẹ kó mọ ẹni tó máa pè wá jẹ́rìí.”

Ìyá náà pe orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, títí ọmọbìnrin náà fi kọ ọ́.