Ìdérí Kan Kò Pé

Alága ìjókòó ìdágbére mi tòní, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ tá a jọ ṣiṣẹ́, àti ẹ̀yin ọmọ kíláàsì kìíní tí ẹ wà nílẹ̀ níwájú níbí, tí ẹ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara yín, gbogbo yín ni mo kí. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ jù. Ẹni tó ń dá ṣọ́ọ̀kì sí méjì kó lè tọ́jọ́, ṣé ọ̀rọ̀ ló máa wá fi ṣòfò? Olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ni mí. Ìwé tí mo kà kò jìnnà, àmọ́ ìṣirò kì í fi mí ṣeré. Olùkọ́ kíláàsì wa, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó fi sùúrù bá ahun bí tèmi gbé, máa ń sọ pé, "Màmá Ìdérí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sin òkú pẹ́ńsù yìí." Èmi á ní, "Kò tíì kú, ó ń sinmi ni."

Ìdérí ìgò ni mo fi ń kọ́ wọn ní oǹkà, torí ọ̀fẹ́ ni. Láàárọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀kan nínú abọ́. Kí aago ìparí tó lù, wọ́n á dá a padà, a ó jọ kà á. Òfin mi ni pé bí kò bá pé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sílé, títí kan èmi náà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn mi lẹ́nu iṣẹ́ níbí. Lọ́jọ́ Ajé, a bẹ̀rẹ̀ àyọkúrò. Ẹyẹ mẹ́ta wà lórí igi, ọ̀kan fò lọ, mélòó ló kù? Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ibo ló fò lọ?" Ó parí! Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹyẹ. Lọ́jọ́rú, a gbin ẹ̀wà sínú ike. Kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti hú u wò. "Màmá, tèmi ò tíì jí o!"

Àmọ́ ọ̀kan wà tí a ń pè ní Adákẹ́. Ọmọbìnrin náà ń gbọ́, ó ń kọ̀wé, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ ní kíláàsì rí. Ọ̀gá wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí kò bá ka oǹkà jáde lẹ́nu kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, yóò tún kíláàsì kìíní kà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kọrin fún un. Ẹnu rẹ̀ dé pa bí ìgò tuntun!

Ó di ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá wá gbọ́ oǹkà, Adákẹ́ ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá mi orí. A wá ka ìdérí: ọ̀kan kò sí. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. (Kíláàsì kìíní, ẹ má dá wọn lóhùn, èje náà ni.) A tú báàgì, a gbé bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá fúnra wọn, ẹ foríjì mí, fi eékún rìn wọ abẹ́ tábìlì. Àwọn òbí kún ẹnu ọ̀nà. Bàbá kan ní, "Màmá, ìdérí ìgò ni àbí wúrà?" Ó ṣí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ju ìdérí rẹ̀ sínú abọ́. "Ó ti pé! Ẹ jẹ́ ká lọ!"

Ohùn kan ké: "Kò pé! Ìyẹn kì í ṣe tiwa!"

Adákẹ́ ni! Ọ̀gá béèrè lábẹ́ tábìlì, "Mélòó ló yẹ kó wà, ọmọ mi?"

"Ogún."

"Mélòó ni tiwa tó wà níbẹ̀?"

"Mọ́kàndínlógún."

"Mélòó ló kù?"

"Ọ̀kan. Ó wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní fún yín. Tí kò bá pé, Màmá Ìdérí ò lè lọ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹni tó mọ àyọkúrò tó báyìí ló máa tún kíláàsì kìíní kà? Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, èmi bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀gá fẹ́ dìde kíá, wọ́n forí gbá tábìlì. "Kíláàsì kejì!" ni wọ́n ń pariwo, "Kíláàsì kejì!"

Ẹni tí ahun mi bá ti bí nínú, ẹ dárí jì mí. A ò ní ka ara wa ká dín o. Ayọ̀ ò ní wọ́n nílé yín bí ṣọ́ọ̀kì ṣe wọ́n lọ́wọ́ mi.

Adákẹ́, ìdérí yẹn ńkọ́? … Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní kíláàsì kejì ni òun máa gbé e lọ, kí n wá gbà á níbẹ̀.

Òfin ni òfin. Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá wọlé fún sáà tuntun, ẹ má ti géètì mọ́ mi o. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni.