Ohun Tí Mo Kọ́ Bilqees Nípa Òkun

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Malam Òkun láti Fadikpe dé Tudun Wada, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ yìí kí n tó kú. N kò fojú kan òkun rí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín nípa rẹ̀, títí di òní n kò dé etí rẹ̀. Kíndìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́. Dókítà pe ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti bá a sọ̀rọ̀, ó rò pé mo ti sùn. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ ò bá tèmi o, àìsàn ló bá a. Ká ní ara mi le ni, n kò ní sọ nǹkan kan, ẹ má tan ara yín jẹ lórí ìyẹn.

Akínpẹ̀lú lorúkọ mi. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá mi láti Òṣogbo wá sí Minna, Sabon Gari ni wọ́n sì bí mi sí. Èdè Hausa ni mo kọ́kọ́ fi bú ènìyàn. Bí a bá lọ ọdún nílé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní gàmbàrí dé. Ìyẹn dùn mí ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí mo gbaṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Fadikpe, tí àwọn olùkọ́ tó ti Èkó wá ń yan fanda lójú wa, èmi náà là ẹnu, mo ní etíkun ni mo dàgbà sí, pé ìyá bàbá mi ń yan ẹja níbẹ̀. Irọ́ kékeré ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára lọ́jọ́ náà.

Ohun tó wà nínú ìwé, mo kọ́ wọn dáadáa. Mo kọ́ wọn bí òṣùpá ṣe ń fa omi òkun tó fi ń kún tó sì ń fà. Mo kọ́ wọn nípa àwọn ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí ẹja wẹ́wẹ́ ń jẹ, tí ẹja ńlá sì ń jẹ ẹja wẹ́wẹ́. Ohun tí mi ò bá sì rí nínú ìwé, mo máa ń fi ẹnu ara mi dí àlàfo rẹ̀, nítorí ta ni yóò já mi nírọ́ ní Minna? Ìgbéraga burúkú.

Bilqees ni ọmọ tó ń béèrè ọ̀rọ̀ jù ní kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọmọ Alhaja Kàbírátù tó ń ránṣọ ní Tudun Wada. Lọ́jọ́ kan ó bi mí bóyá ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí a ń jù sí gọ́tà wa níbí lè dé òkun. Mo fẹ́ sọ pé ibo ni Minna, ibo ni òkun. Ó ti fi ìka tọ ọ̀nà omi náà lórí máàpù: odò Chanchaga bọ́ sí odò Kàdúná, Kàdúná bọ́ sí Ọya, Ọya bọ́ sí òkun. Nígbà tí mo wá sọ fún wọn pé ìjàpá òkun máa ń gbé ọ̀rá mì nítorí pé ó jọ oúnjẹ rẹ̀ nínú omi, ọmọ náà sunkún. Òun ló kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé títí wọ́n fi gbà láti mú wọn lọ sí etíkun ní Èkó, kí wọ́n lọ ṣa ọ̀rá kí wọ́n sì fojú ara wọn rí i.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìrìn àjò náà, Bilqees nawọ́. Ó ní, "Malam, bí omi òkun bá ń fa èèyàn lọ, kí ni kéèyàn ṣe?" Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé, n kò ka ojú ewé yẹn rí. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ nípa Chanchaga ni mo sọ fún un. Mo ní, "Kọjú sí etí omi, kí o lúwẹ̀ẹ́ tagbára tagbára. Má yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kankan." Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Òótọ́ ni fún odò, nítorí odò ń ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè. Àmọ́ omi òkun tó ń fa ènìyàn, láti bèbè ló ti ń ṣàn lọ sínú agbami. Ẹni tó bá kọjú sí bèbè ń bá ohun tó lágbára jù ú lọ jà ni. Ṣe ló yẹ kó lúwẹ̀ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi kúrò lójú ọ̀nà omi náà, kó tó wá forí lé ilẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, tèmi mú ọ̀ràn bá ọmọ ọlọ́mọ.

N kò bá wọn lọ. Mo ní ibà dá mi gúnlẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí mo bá dé etíkun, àwọn ọmọ á rí i lójú mi pé àlejò ni mí níbẹ̀.

Túnráyọ̀, ọ̀rẹ́ Bilqees, ló wá bá mi nílé lẹ́yìn tí wọ́n dé. Ó ní omi ò kọjá orúnkún àwọn níbi tí àwọn ti ń ṣa ọ̀rá, kí ìgbì tó bì wọ́n ṣubú, tí omi sì gbá àwọn méjèèjì lọ. Òun ò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí òun ṣà ni òun dì mú, omi sì gbé òun yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí àwọn apẹja fi fa òun jáde. Bilqees mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ ní tiẹ̀. Ó ní, "Malam, àwọn apẹja ń juwọ́ sí i pé kó yà. Kò yà. Ó ń pariwo sí mi pé kí èmi náà kọjú sí etí omi, pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí." Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí òkú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn. Mo ní bó bá sọ ọ̀rọ̀ yìí níta, wọ́n á bi í pé kí ló dé tó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi. Mo rí i bí ẹnu rẹ̀ ṣe pa dé. Títí tó fi kúrò ní Minna, kò kí mi mọ́.

Síbẹ̀ ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ fìdáù, mo lọ sí Tudun Wada, mo jókòó láàrin àwọn àlùfáà. Alhaja Kàbírátù gbé ìwé Bilqees lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn kà á, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo kà á títí mo fi dé ojú ewé tí ọ̀rọ̀ mi wà. Mo ṣí i kọjá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú ìwé náà lọ sílé, mo sì dáná sun ún. Àmọ́ kí n tó dìde níbi fìdáù náà, Alhaja bi mí, "Malam, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Kí ló pa ọmọ mi?" Mo wojú ìyá náà. Mo ní, "Àìgbọràn ni, Alhaja. A kìlọ̀ fún un. Allah ya jikanta, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀." Wọ́n fi híjáàbù nu ojú, wọ́n ní, "Na gode, Malam." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Mo ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yín, Alhaja, mo sì gbọ́ tí ẹ ń bá Fàtímọ̀ àbúrò rẹ̀ wí pé ṣé ó fẹ́ ṣorí kunkun bíi Bilqees ni. Wọ́n tún sọ fún mi pé ẹ kì í kírun tán kí ẹ má bẹ Ọlọ́run pé kó dárí àìgbọràn ọmọ náà jì í.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí olùkọ́ yín bá sọ̀rọ̀, ẹ bi í níbi tó ti rí i. Bó bá bínú, ẹ tún un bi. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, "n kò mọ̀" kò pa olùkọ́ kankan rí.

Alhaja, n kò lẹ́nu láti bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gégùn-ún fún mi. Àmọ́ ẹ má tọrọ àforíjìn fún Bilqees mọ́ lórí èyí. Ọmọ yín gbọ́ràn. Mo ní kó kọjú sí etí omi, ó sì kọjú síbẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.