Mo Sọ fún Màmá Pé Kò Ní Ṣúgà

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi kí n tó sọ ọ́ tán. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti há sí mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ǹ bá tún dákẹ́, ṣùgbọ́n Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa dá Màmá sílẹ̀ lọ́sibítù, Màmá sì ti ní kí n bá àwọn ra ìyẹ̀fun sílẹ̀.

Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Àpápá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oúnjẹ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ là ń tà: bisikíìtì, tíì, oyin inú ìgò, àti ìyẹ̀fun wíìtì tí wọ́n ń rò bí ọkà. Gbogbo rẹ̀ ló gbówó lórí. Ìyẹ̀fun ló ń tà jù. Àwọn oníbàárà kan tiẹ̀ máa ń wọlé pé àwọn fẹ́ ra "ìyẹ̀fun oníṣúgà," a ó sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá lọ tán.

Èmi, ẹni tó máa ń fura ni mí. Bí mo bá fẹ́ ra gàárì, mo máa kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú kóńgò wò, bóyá wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín pé mi ò mọ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí àpò fúláwà, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà gan-an. Mo tún rí àpò èèrí wíìtì, èyí tí àwọn tó ń sin adìyẹ ń rà. Ṣọ́bìrì la fi ń po méjèèjì pọ̀ títí tí yóò fi pọ́n díẹ̀, a ó wá rọ ọ́ sínú ọ̀rá tí wọ́n ya ewé tútù sí lára. Eruku rẹ̀ ń wọ̀ mí nímú, mo máa ń wúkọ́ láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Bisikíìtì náà, mo fura sí i. Oyin náà, mo fura sí i. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n tèmi ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan, mo bi Màdáàmù tó ni ṣọ́ọ̀bù pé kí ló wà nínú ìyẹ̀fun yìí tó fi dáa fún oníṣúgà. Mo fi ọdún mẹ́fà ju Màdáàmù yìí lọ, síbẹ̀ "ìwọ" ló máa ń pè mí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o rí ẹni tó da ṣúgà sí i ni?"

"Rárá, Màdáàmù."

"Ehn, kò ní ṣúgà nìyẹn. Tí kọ́sítọ́mà bá bi yín, ẹ má sọ pé ó ń wo àìsàn kankan o, wàhálà nìyẹn. Ẹ ṣáà sọ pé kò ní ṣúgà. Na wetin dem wan hear be dat."

Ó fi kún un pé ẹni tó bá mú oníbàárà gidi wá, òun máa gbé e kúrò nídìí ṣọ́bìrì wá síwájú, sórí àga abẹ́ fáànù. Àga yẹn wọ̀ mí lójú. Màmá ni mo kọ́kọ́ rántí.

Màmá kì í ṣe ìyá tó bí mi. Yàrá wọn ló kángun sí tèmi. Nígbà tí mo ti Ìsẹ́yìn dé, tí mi ò mọ ẹnì kankan l'Ékòó, orí ẹní wọn ni mo sùn fún oṣù mẹ́ta. Àwọn ni wọ́n wẹ àkọ́bí mi. Nígbà tí dókítà wá sọ pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, ọkàn wọn dàrú, oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ mọ́. Mo mú ọ̀rá ìyẹ̀fun kan lọ bá wọn.

"Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni èyí ò ní ṣúgà?"

"Màmá, kò ní ṣúgà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. A ò da ṣúgà sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń sọ ọ́. Tíì lè ní ṣúgà, èèyàn náà lè ní ṣúgà. Ìyẹ̀fun ni mò ń sọ, ara tiwọn ni Màmá gbọ́. Mo rí i lójú wọn pé bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, mo sì dákẹ́.

Láti ọjọ́ náà, wíìtì láàárọ̀, wíìtì lọ́sàn-án, wíìtì lálẹ́, òkèlè ńláńlá. Tí mo bá ń kọjá, wọn a máa bá mi ṣẹ̀fẹ̀: "Èmi àti ìyẹ̀fun rẹ, àwa méjèèjì ò ní ṣúgà mọ́!" Gbogbo ilé a rẹ́rìn-ín. Èmi náà a rẹ́rìn-ín.

Kò pé oṣù méjì tí mo fi bọ́ sórí àga abẹ́ fáànù. Orí ẹ̀ náà ni mo ṣì wà.

Èyí tó burú jù ló kù. Lọ́jọ́ kan, Rísì, ọmọ Màmá, ń bá wọn jà pé wọn ò lo oògùn ọsibítù mọ́. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Màmá ní kí ni kí àwọn máa gbé oògùn mì fún, nígbà tí oúnjẹ àwọn ò ní ṣúgà. Wọ́n nawọ́ sí mi. "Ṣebí àǹtí rẹ nìyí, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ló ń ṣiṣẹ́. Bi í!" Rísì wò mí. Mo ní, "Màmá mọ ohun tó bá ara wọn mu." Mo tún tẹ orí ba, mò ń ṣa ẹ̀wà mi lọ.

Lọ́dún yìí, bàtà tuntun bó wọn lẹ́sẹ̀. Egbò náà kọ̀, kò jiná. Nígbà tí a ó fi gbé wọn dé ọsibítù, ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ti dúdú. Wọ́n gé méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ló là á yé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé fúláwà, ì báà funfun, ì báà pọ́n, tó bá ti dénú ara, ṣúgà ló ń dà. Ó ní bí ṣúgà wọn bá tún gòkè pẹ́nrẹ́n, ẹsẹ̀ yẹn máa lọ dé orúnkún. Ó ní òun ti kìlọ̀ fún Màmá kí wọ́n ṣọ́ oúnjẹ, àmọ́ wọ́n ní oúnjẹ tàwọn kò ní ṣúgà. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Níjẹta, mo lọ kí wọn. Màmá ń sọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun fún ìyá kan tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì. "Ọmọ mi yìí lẹ máa bi. Ẹ má rà á níbòmíì o, ayédèrú ti pọ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyẹ̀fun yẹn, gbogbo ẹsẹ̀ ni wọn ì bá gé."

Ìyá náà yíjú sí mi. "Àǹtí, abẹ́g, ibo la ti ń rí i rà?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Mo júwe ọ̀nà fún un.

Mo sọkún délé lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún Màmá, kí n sì wá ìyá kejì yẹn lọ. Rísì lè fà mí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì tọ́ sí mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ojú tí Màmá máa fi wò mí. Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wẹ ọmọ fún ni? Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni mò ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi, kó tó di Sátidé. Àwọn ará ilé ti fọ ìkòkò tí wọn ó fi ro wíìtì sílẹ̀ de Màmá.