Okùn Tó Wà Lára Súwíìṣì

[Ìpè orí fóònù. MÀMÁ, aránṣọ, wà nínú bọ́ọ̀sì, ó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ ra abẹ tuntun. ÌYÀWÓ, aya ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, dá wà ní ṣọ́ọ̀bù.]

ÌYÀWÓ: Hẹ́lò? Màmá, ẹ káàsán, mà. Ẹ kú ìrìn.

MÀMÁ: Òo. Kí ló dé? Ṣé ẹni tó ni yúnifọ́ọ̀mù ti dé ni?

ÌYÀWÓ: Rárá, kò tíì dé. Ìrìn ńkọ́, mà? Ṣé ẹ rí ibi jókòó dáadáa?

MÀMÁ: Mo rí i. Ìdí ń dùn mí. Mo ní kí ló dé?

ÌYÀWÓ: Kò sí nǹkan, mà. Mo kàn ní kí n bi yín — sísọ́ọ̀sì kékeré tá a fi ń gé òwú, níbo lẹ fi sí?

MÀMÁ: Ó wà lọ́rùn mi.

ÌYÀWÓ: Lọ́rùn yín kẹ̀?

MÀMÁ: Mo gbàgbé, mi ò bọ́ ọ sílẹ̀. Ó ti ń gún mi láyà láti àárọ̀. Lo èyí ńlá. Ó wà lórí tábìlì ìránṣọ.

ÌYÀWÓ: Ọwọ́ mi ò tó ìyẹn.

MÀMÁ: Ọwọ́ rẹ ò — [ohùn já] — kí lo wí? Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo ní ó jìnnà sí mi díẹ̀, mà.

MÀMÁ: Dìde kí o lọ mú un, àbí wọ́n fi lẹ́ẹ̀ lẹ ìdí rẹ mọ́ àga?

ÌYÀWÓ: Orí ìdúró ni mo wà, mà.

MÀMÁ: Kí lo fẹ́ gé?

ÌYÀWÓ: Okùn kékeré kan ni. Nǹkan kan ló há díẹ̀.

MÀMÁ: Há síbo?

ÌYÀWÓ: Sí — sí ara kọ́tà.

[Ìró ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì.]

MÀMÁ: Kọ́tà wo? Kọ́tà mi? Ẹ̀rọ ìgéṣọ tí mo ní o kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn títí màá fi dé?

ÌYÀWÓ: Mo ní kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni, mà. Kí ẹ lè bá a pé iṣẹ́ ti lọ síwájú.

MÀMÁ: Ta ló bẹ̀ ọ́?

ÌYÀWÓ: Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rọ náà ti kú. Iná ti lọ. Kò sí ewu kankan.

MÀMÁ: Iná ti lọ? Ó dáa. Ọpẹ́ ni. Yọ púlọ́ọ̀gì lára ògiri kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Yọ ọ́ báyìí, mo ń dúró.

ÌYÀWÓ: Mà?

MÀMÁ: Púlọ́ọ̀gì! Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo gbọ́. Ọwọ́ mi ò tó o.

MÀMÁ: Kí ló dé tí ọwọ́ rẹ ò tó nǹkan kan lónìí? Rìn lọ síbẹ̀!

ÌYÀWÓ: Mi ò lè rìn, mà. Ìbọ̀wọ́ irin tí ẹ máa ń wọ̀ gé aṣọ ló há sẹ́nu abẹ.

MÀMÁ: Ìbọ̀wọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

MÀMÁ: Ọwọ́ rẹ dà?

ÌYÀWÓ: [jẹ́jẹ́] Inú rẹ̀ ló wà.

MÀMÁ: Yé! Yé! Mo gbé!

ÈRÒ KAN: Ìyá, ẹ rọra, etí wa ń dùn wá.

MÀMÁ: Fi ìka dí i, ìwọ tó ní mẹ́wàá! — Ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń jáde?

ÌYÀWÓ: Kò sí ẹ̀jẹ̀. I'm okay, Màmá. Orí ìka ìbọ̀wọ́ nìkan ló bù jẹ. Ìbọ̀wọ́ yín tóbi jù mí lọ, orí ìka rẹ̀ ṣófo. Mo ń gé kọ̀rọ̀ ibi apá, mo ń fọwọ́ tẹ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ, ó kàn fà á wọlé, kàá! Bẹ́ẹ̀ náà ni iná lọ.

MÀMÁ: Irin tó ń bo ojú abẹ ńkọ́? Ṣé o sọ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi kan orí aṣọ?

ÌYÀWÓ: Mo gbé e sókè díẹ̀. Mi ò rí ìlà ṣọ́ọ̀kì dáadáa.

MÀMÁ: O gbé e sókè kí abẹ lè ráyè jẹun.

ÌYÀWÓ: Màmá, ẹ jọ̀ọ́.

MÀMÁ: Fa wáyà. Ọwọ́ kejì ṣófo, fà á títí púlọ́ọ̀gì á fi yọ.

ÌYÀWÓ: Mo ti fà á. Orí ìkọ́ òkè àjà ló gbà. Ìkọ́ ló ń mì, púlọ́ọ̀gì ò mira.

MÀMÁ: Gbé ẹ̀rọ náà tọwọ́tọwọ́, kí ẹ jọ lọ síbi ògiri.

ÌYÀWÓ: Abẹ ti wọ àárín aṣọ, mo sì ti fi irin de aṣọ mọ́ tábìlì ní ìhà méjèèjì. Bí ẹ ṣe kọ́ mi.

MÀMÁ: Ohun tí mo kọ́ ọ lo ṣe, ohun tí mo ní o má ṣe náà lo ṣe. Pe Fá-kó-dán.

ÌYÀWÓ: Onígbàjámọ̀? Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Bí iná bá ti lọ, kí ló fẹ́ fi fárí, eyín?

MÀMÁ: Ọmọ mi ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Mo kọ́kọ́ pè é. Kò gbé e. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́.

MÀMÁ: Kígbe sí ìta, ẹnì kan á wọlé.

ÌYÀWÓ: Mo ti ilẹ̀kùn látinú.

MÀMÁ: Nítorí kí ni?

ÌYÀWÓ: Mi ò fẹ́ kí oníbàárà wọlé bá mi. Kí wọ́n má baà ní ìyàwó ilé yìí ò mọ ọwọ́ ẹ̀rọ dì mú.

[Ohùn já, ó padà.]

MÀMÁ: — gbọ́ mi? Ìyàwó! Ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÀWÓ: Mo wà níbí, mà. Mo ti gbé fóònù sórí tábìlì, ó wà lórí sípíkà.

MÀMÁ: Súwíìṣì ńkọ́? Bí iná bá dé, ọwọ́ rẹ ò sí lórí súwíìṣì mọ́, ẹ̀rọ ò lè —

[Màmá fọwọ́ lu itan, pàá.]

MÀMÁ: Ìyàwó. Okùn tí mo fi so súwíìṣì mọ́lẹ̀ lánàá, nígbà tí àtàǹpàkò ń ro mí. Ṣé o tú u kí o tó lò ó?

ÌYÀWÓ: Bí mo ṣe bá a ni mo ṣe lò ó, mà.

MÀMÁ: Ó ṣì wà ní síso.

ÌYÀWÓ: Ó wà ní síso. Òun ni mo fi ń bi yín ní sísọ́ọ̀sì.

MÀMÁ: O sì ń sọ fún mi pé kò sí ewu.

ÌYÀWÓ: Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà yín nínú ọkọ̀.

MÀMÁ: Tú u! Tú okùn yẹn!

ÌYÀWÓ: Mo ti ń tú u kí n tó pè yín. Kókó tí ẹ ta, Màmá, ọwọ́ kan ò ràn án. Òróró ẹ̀rọ sì ti yọ́ sí i lára. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n fi eyín —

MÀMÁ: Gbé ojú rẹ kúrò níbẹ̀! Gbé e kúrò! O fẹ́ fi imú kún ìka?

ÌYÀWÓ: Mo ti gbé e kúrò. Mo ti gbé e kúrò, mà.

MÀMÁ: Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ò ya wèrè tó fi ní kéèyàn máa tẹ̀ ẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Kó lè kú bí a bá jù ú sílẹ̀ ni. Èmi ni mo wá so ó. Èmi àgbàlagbà.

ÌYÀWÓ: Màmá.

MÀMÁ: Kí ni?

ÌYÀWÓ: Iná ti dé ní òdìkejì títì.

MÀMÁ: Ta ló sọ?

ÌYÀWÓ: Mo ń rí i láti ojú fèrèsé. Kẹ́míìsì ti tàn. Ọ̀dọ̀ onífótò náà ti tàn.

MÀMÁ: Bó bá ti dé ọ̀hún —

ÌYÀWÓ: Kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Mo mọ̀.

MÀMÁ: Bọ́ ọwọ́ rẹ kúrò nínú ìbọ̀wọ́ yẹn. Fi ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ fún un.

ÌYÀWÓ: Kò jáde.

MÀMÁ: Ṣebí o ní ó tóbi jù ọ́ lọ?

ÌYÀWÓ: Mo fi àjákù aṣọ wé ọwọ́ mi kí n tó wọ̀ ọ́. Kó lè bá mi mu.

MÀMÁ: O fi kí ni?

ÌYÀWÓ: Àjákù yúnifọ́ọ̀mù. Mo wé e dáadáa.

[Màmá mí kanlẹ̀.]

MÀMÁ: Bẹ́líìtì ọrùn ọwọ́ ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Mo ti tú u.

MÀMÁ: Gbọ́ mi. Má fa ọwọ́. Bí o ṣe ń fà á ni aṣọ ń wú sí i. Ibo lo parí wíwé sí?

ÌYÀWÓ: Ọrùn ọwọ́. Mo tẹ ìdí rẹ̀ bọ abẹ́.

MÀMÁ: Wá ìdí rẹ̀. Fi ìka méjì mú un, kí o máa fà á jáde tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni ń fa ìfun adìẹ. Má jẹ́ kó já. Ṣé o — [ohùn já] — bọ́ọ̀sì yìí ń gun òkè — [ohùn já]

ÌYÀWÓ: Màmá? Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ má lọ, ẹ jọ̀ọ́!

MÀMÁ: Dẹ́rẹ́bà! Dúró níbí!

DẸ́RẸ́BÀ: Ìyá, kò sí ibi ìdúró níbí.

MÀMÁ: Bí o ò bá dúró, màá bì sí ọ lọ́rùn! Ó ti dé ọ̀fun!

[Bọ́ọ̀sì dúró. Àwọn èrò ń kùn.]

MÀMÁ: Ìyàwó, mo ti dúró. Mo wà níbí. Kí lọwọ́ rẹ ti bà?

ÌYÀWÓ: Mo ti rí ìdí rẹ̀. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

MÀMÁ: Má kánjú.

ÌYÀWÓ: Ẹ ní kí n má kánjú! Ilé alágbàfọ̀ náà ti tàn, Màmá!

MÀMÁ: Má wo fèrèsé. Aṣọ ni kí o máa wò. Àwọ̀ wo ni?

ÌYÀWÓ: Ẹ mọ àwọ̀ rẹ̀, mà. Búlúù ni.

MÀMÁ: Sọ ọ́ fún mi bí ẹni tí mi ò mọ̀ ọ́n.

ÌYÀWÓ: Búlúù tó rẹ̀ dòdò. Ó — [ó ń sunkún] — ó já, Màmá. Ó já sí mi lọ́wọ́.

MÀMÁ: Mélòó ló ti jáde?

ÌYÀWÓ: Ó gùn tó apá mi.

MÀMÁ: Ó ti tó. Àyè ti wà. Ká àtàǹpàkò rẹ sínú àtẹ́lẹwọ́, bí ìgbà tó o fẹ́ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ tó fún ọ. Pa ọwọ́ pọ̀ kó rí tẹ́ẹ́rẹ́. Má rò pé o ní egungun.

ÌYÀWÓ: Ó ń ha mí lára.

MÀMÁ: Jẹ́ kó ha ọ́! Awọ ara ń hù padà. Fà á báyìí.

[Ìró irin wẹ́wẹ́. Ìyàwó ń mí hẹlẹhẹlẹ.]

ÌYÀWÓ: Màmá — Màmá, ó ti jáde! Ọwọ́ mi ti jáde!

MÀMÁ: Kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì!

ÌYÀWÓ: Ẹ jẹ́ kí n yára yọ ìbọ̀wọ́ yín, bí ẹ̀rọ bá fi lè —

MÀMÁ: Fi sílẹ̀! Ìbọ̀wọ́ ni mo bí? Sẹ́yìn! Sẹ́yìn, mo ní, kí o lọ yọ púlọ́ —

[Ariwo ńlá. Ẹ̀rọ ń ké ramúramù. Irin ń fọ́. Nǹkan kan ba ògiri, gbàà.]

MÀMÁ: Ìyàwó? Ìyàwó! Ṣé o gbọ́ mi?

[Ẹ̀rọ ń ké. Fóònù bọ́ sílẹ̀.]

MÀMÁ: Ìyàwó! Dá mi lóhùn! Ọmọ mi, dá mi lóhùn!

ÈRÒ KAN: Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀?

MÀMÁ: Ẹ dákẹ́! Ẹ jẹ́ kí n gbọ́!

[Ẹ̀rọ dákẹ́. Ìró ẹsẹ̀. Wọ́n gbé fóònù.]

ÌYÀWÓ: Mo ti yọ púlọ́ọ̀gì.

MÀMÁ: Ọwọ́ rẹ ńkọ́?

ÌYÀWÓ: Ìbọ̀wọ́ yín ti já sí méjì, mà. Ìka kan rẹ̀ wà lára ògiri ọ̀hún. Ó wọ inú ògiri.

MÀMÁ: Mi ò bi ọ́ ní ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ rẹ!

ÌYÀWÓ: Ó pé. Ó bó díẹ̀ ni. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é.

MÀMÁ: Bẹ́ẹ̀ náà lo wí nígbà tó o ní kò sí ewu.

ÌYÀWÓ: Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, mà.

MÀMÁ: Ẹnu rẹ ò ṣeé gbára lé lónìí. Gbé ọwọ́ náà sókè sí ojú ara rẹ. O ti gbé e sókè?

ÌYÀWÓ: Mo ti gbé e sókè.

MÀMÁ: Ka ìka rẹ̀ fún mi. Fi ọwọ́ kejì fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bó o ṣe ń kà á. Sókè, kí n gbọ́.

DẸ́RẸ́BÀ: Ìyá, ṣé ká máa lọ?

MÀMÁ: Bí o bá mira, o kú. — Kà á.

ÌYÀWÓ: Ọ̀kan.

MÀMÁ: Ẹ̀n.

ÌYÀWÓ: Méjì. Mẹ́ta.

MÀMÁ: Ṣé o ń fọwọ́ kàn án?

ÌYÀWÓ: Mo ń fọwọ́ kàn án, Màmá. Mẹ́rin. Márù —

[Ìpè já.]