Orúkọ Kan Ṣoṣo Ni Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ dákun, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́ yìí, ọkọ mi wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú àti àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Tí èèyàn bá wa ọkọ̀ láti ilé wa ní Laurel, ní Maryland ní Amẹ́ríkà níbí, kò lè ju ogún ìṣẹ́jú lọ kó tó débẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè bá a sọ̀rọ̀. Tí mo bá pe wọ́ọ̀dù tó wà, wọ́n á ní kí n ka nọ́mbà mẹ́rin kan fún àwọn. Mi ò ní in. Wọ́n á wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé àwọn ò lè sọ bóyá ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn wà lọ́dọ̀ àwọn tàbí kò sí. Èmi ìyàwó rẹ̀! Èmi tí mo bímọ fún un! Ọmọ wa, Tèmi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì, á máa fa aṣọ mi, á ní, "Dádì? Dádì dà?" Kí ni kí n sọ fún un? Ta ni kí n bá jà? Kò sí ẹlòmíì tó jẹ̀bi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ra mi.

Mi ò kàwé púpọ̀ nílé. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Ìgbà tí mo dé Maryland ni ọkọ mi mú mi lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní New Carrollton. Ìyá àgbàlagbà kan ló ń kọ́ wa níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà àti bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù. Tíṣà yìí ló sọ fún mi pé tí àyè bá ṣẹ́kù nínú fọ́ọ̀mù, kí n fa ìlà gbọọrọ lé e lórí, kí ẹlòmíì má baà kọ ohun tí mi ò mọ̀ sí i. Inú mi dùn sí ẹ̀kọ́ yẹn lọ́jọ́ náà, àfi bíi pé wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé. Ọkọ mi ní tiẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lọ́nà Largo ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá ṣe ti àárọ̀ tán, á tún gba ti ọ̀sán mọ́ ọn. Níjọ́ kan, ó ń gbé bàbá kan tó sanra láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, ni ẹ̀yìn rẹ̀ bá dún. Dókítà fún un ní oògùn ìrora, oògùn náà sì ṣiṣẹ́. Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn, ó ṣiṣẹ́ jù. Ẹ̀yìn ò dùn ún mọ́, ó ṣì ń lò ó. Dókítà ò kọ ọ́ fún un mọ́, ó wá ibòmíràn tó ti ń rí i. Ó di pé ó ń sùn nídìí oúnjẹ, tí orí rẹ̀ á máa tẹ̀ lọ sínú abọ́. Èmi òmùgọ̀, mo sọ ọ́ di àwàdà. Mo ní, "Bàbá Tèmi, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ jẹ ẹ̀bà yìí ni àbí ẹ̀bà ló fẹ́ jẹ yín?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ló rẹ òun. Mo gbà á gbọ́, torí pé ó rọrùn fún mi láti gbà á gbọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, a fẹ́ lọ ra oúnjẹ ọmọ. A ti wọ ọkọ̀, mo ti de Tèmi mọ́ ìjókòó rẹ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọkọ mi ò sún ọkọ̀ náà. Ó kàn di ọwọ́ ọkọ̀ mú, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Tèmi, ó rẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ wà mọ́." Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbà. Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà nìyẹn, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí mo wí yìí lọ́jọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wọlé ka orúkọ wa, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọmọ ibo ni yín nílé?" Yorùbá ni! Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò sí ilé ìwòsàn kan ní àgbègbè wa yìí tí èèyàn wa ò sí. Mo rò ó pé kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì á ti gbọ́ pé ọkọ mi ya wèrè. Ni mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì mi tí ò tíì délé dáhùn pé mi ò gbọ́ Yorùbá. Èmi tí mo fi àǹkárá pọ̀n ọmọ sẹ́yìn! Ó wo ọmọ, ó wo ọ̀já, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ó wá gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú wa. Níbẹ̀, wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ aláìsàn, wọ́n á wá fún un ní nọ́mbà mẹ́rin. Fóònù kan wà lára ògiri, àwọn tó bá sì mọ nọ́mbà náà nìkan ni wọ́n lè pè é síbẹ̀ tàbí kí wọ́n wá wò ó. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ọkọ mi ń gbọ̀n, kò lè di bírò mú. Ó ní, "Bá mi kọ ọ́. Kọ tìẹ, kí o kọ ti Màmá." Màmá ni ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Mo kọ tèmi. Ìgbà tó kan ti Màmá, bírò dúró. Mo ń ro ariwo tí wọ́n máa pa. Mo ń rò ó pé wọ́n á ní kí ọmọ àwọn tó fẹ́ mi, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Àyè mẹ́ta ló kù. Mo fa ìlà gbọọrọ lé wọn lórí bí tíṣà mi ṣe kọ́ mi, mo sì gbé ìwé náà fún un. Ó fọwọ́ sí i láì kà á. Ó fọkàn tán mi.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. Fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì mi, ojoojúmọ́ ni Màmá ń fi ohùn ránṣẹ́ síbẹ̀ lórí Wọ́sáàpù. Mo máa ń gbọ́ ọ. Wọ́n á kì í, "Àkànní ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ara mi ò balẹ̀ lórí ẹ." Mo sọ fún wọn pé ibi iṣẹ́ ló rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ níbì kan tí wọn ò gba fóònù láyè. Lọ́jọ́ kẹrin tí mo lọ wò ó, ọkọ mi bi mí léèrè, ó ní, "Màmá ò pè mí o. Ṣé wọ́n ti gbọ́?" Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo ní, "Wọ́n ti gbọ́. Ojú ló ń tì wọ́n." Áà! Ojú tèmi ló ń tì mí, mo wá gbé e kọ́ ìyá ọlọ́mọ lọ́rùn. Ó kàn ń wo fóònù ara ògiri yẹn.

Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, dókítà kìlọ̀ fún wa pé kó má ṣe dá wà, pé kí àwọn èèyàn rẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo ń mi orí bí ẹni rere. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé fóònù rẹ̀ lọ sínú ọkọ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí i tó fi fóònù sétí, tó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ti àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Ìgbà tó wọlé, kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Ó ní, "Tí wọ́n bá ti sọ pé fóònù ń dún, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dìde. Mo rò pé ìyá mi ti kọ̀ mí." Ó kó aṣọ díẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Wálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, tó ń gbé ní Springdale. Kò pé oṣù kan tí Bọ̀dá Wálé fi pè mí pé ọkọ mi ti padà sídìí oògùn náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn gbé òun padà sí ilé ìwòsàn. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù.

Mo pe wọ́ọ̀dù. Ta ló gbé e? Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí. Mo mọ ohùn rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi, ìyàwó rẹ̀ ni mí."

Ó ní, "Hẹn-ẹn. Yorùbá ti wá yọ lẹ́nu yín?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ máa sọ fún àwọn èèyàn."

"Kí n sọ ọ́, kí iṣẹ́ mi lọ? Ẹ wò ó, àbúrò mi, bí mi ò ṣe lè sọ̀rọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè sọ ti ẹnikẹ́ni fún yín. Mi ò ní ó wà, mi ò ní kò sí. Ẹ lọ tọ́jú ọmọ yín."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni Màmá pè mí. Ohùn wọn dùn, ẹ̀rín wà níbẹ̀. "Ìyàwó mi, ṣé ìwọ náà ti bá a sọ̀rọ̀ lónìí? Ó ní òun jẹun. Ó ti sọ ohun tó ń ṣe é fún mi. Mo ní ṣé nítorí èyí lo ṣe ń sá fún mi? Èmi tí mo gbé oúnjẹ lọ fún àbúrò mi ní irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ fún odindi oṣù mẹ́ta, tó sì dìde!" Mo jókòó sílẹ̀ ní kíṣìnì. Ọkọ mi ò tíì tú mi fó. Màmá ò mọ nǹkan kan. Wọ́n gbọ́ bí mo ṣe dákẹ́, wọ́n ní, "Kí ló dé? Àbí nọ́mbà yẹn ló sọnù mọ́ ẹ lọ́wọ́? Mú bírò, mo kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Méje. Òdo."

Mo ti kọ méjèèjì sínú ìwé kíláàsì mi kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe. Ẹ rò ó wò. Ó ku ẹyọ méjì, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún fi irọ́ wọlé tọ̀ ọ́, kí ni mo fẹ́ wí fún un tó bá gbọ́ ohùn mi? Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á tán. Kò fún mi." Mo sọ gbogbo rẹ̀, fọ́ọ̀mù, fóònù inú báàgì, gbogbo rẹ̀. Wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ìgbà tí mo ṣe tán, wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ìwọ lo sọ fún ọmọ mi pé ojú rẹ̀ ń tì mí?" Mo ní, "Èmi ni, Màmá." Fóònù já. Òní ló di ọjọ́ márùn-ún, wọn ò gbé ìpè mi mọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyàwó bíi tèmi, tí àìsàn ọpọlọ tàbí ti oògùn bá wọ ilé yín, ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe. Mo ń sá fún ẹnu ayé, mo wá gba ohùn ìyá lọ́wọ́ ẹni tó ń kú lọ. Ní báyìí, ṣé kí n gbé ọmọ mi lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọn ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí n wọlé? Ṣé kí n máa pe Màmá lójoojúmọ́ títí wọ́n á fi gbé e? Àbí kí n dákẹ́, kí n dúró dè é? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìwé kíláàsì mi ṣì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Méje wà níbẹ̀, òdo wà níbẹ̀, àyè méjì sì ṣófo lẹ́yìn wọn. Mi ò fa ìlà sí i.