Bí Ìyá Iléṣà Ṣe Tún Òwúrọ̀ Wa Ṣe

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì kéré, tí irun orí mi ṣì dúdú… òwúrọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sá fún. Àmọ́ ìgbà kan wà tí à ń sá fún un. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ìdáyátù ọmọ mi, ìwọ gan-an ni mo ń bá wí jù, nítorí mo sùn sílé rẹ l'Ókè-Fìà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì gbọ́ bí ẹ ṣe ń jí. "Dìde. O ò tíì dìde? Kẹ̀kẹ́ ti dé." Ọmọ ń sunkún, ìwọ náà ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Bísíkíìtì lọ́wọ́ ọmọ nínú kẹ̀kẹ́… ṣé oúnjẹ nìyẹn? Mi ò bínú sí ọ o. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń lé ọ. Mo kàn ní kí n sọ ohun tí ojú tiwa rí ni.

Ẹ gbọ́. Òkè Baálẹ̀ là ń gbé, níbí l'Òṣogbo. Télọ̀ ni bàbá mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń gba oníbàárà. Ìjẹ̀ṣà ni ìyá mi. Aṣọ ló ń bá ìyá rẹ̀ tà wá sí Òṣogbo tí bàbá mi fi rí i. Àwa mẹ́ta ni wọ́n bí: èmi Sàlámọ̀ ni àkọ́bí, Múfútáù tẹ̀ lé mi, Ràfátù ni àbíkẹ́yìn.

Ìyá mi kú. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí a gba òmìnira nígbà yẹn. Àìsàn tí a rò pé ibà lásán ni… ó dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Ọwọ́ Ràfátù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan etí ni. Ṣé ẹ mọ ìyẹn? Bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó tó iléèwé lọ láyé ìgbà náà nìyẹn. Wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ kọjá lórí, kó fi kan etí òdìkejì. Tí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Nígbà tí ìyá mi wà láyé, ta ló mọ̀ pé òwúrọ̀ le? Òun ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, a ò rí i. Ìgbà tó lọ tán la tó mọ̀. Bàbá mi á ti mọ́sálásí dé, á bá wa lórí ẹní, a ṣì ń sùn. Ọkùnrin náà ń ṣọ̀fọ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jí ọmọ. Ohùn ló mọ̀. Tí ohùn ò bá ṣiṣẹ́, pàṣán. Ràfátù ẹ̀wẹ̀… ọmọ tí kò tọ̀ sílé mọ́ látọjọ́ pípẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní. Tí bàbá mi bá ti rí ẹní tó tutù, á ní, "Ọmọ tó tó báyìí." Á nà án. Ràfátù ò ní ké. Á kàn máa wo ilẹ̀. Ìyẹn ló burú jù.

Èmi ńkọ́? Èmi ni n ó pọn omi, èmi ni n ó gbálẹ̀, èmi ni n ó wẹ ọmọ. Ọmọdé lèmi náà. Kí n tó ráyè dá iná, agogo iléèwé ti lù. A ó sáré, inú wa á ṣófo, wọ́n á tún nà wá lẹ́nu géètì nítorí pé a pẹ́. Tí mo bá rí àkàrà fún Ràfátù, á dì í mọ́wọ́ títí tó fi máa tutù, á wá gbé e fún Múfútáù.

Ó wá di ọjọ́ kan. A tò sórí ìlà níléèwé, à ń kọrin àárọ̀. Mo rí i tí àwọn ọmọ kíláàsì kékeré ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ràfátù ti ṣubú. Tíṣà obìnrin kan ló pọ̀n ọ́n wá sílé bí ọmọ tirẹ̀, èmi ń tẹ̀ lé wọn. Ó bá bàbá mi nídìí ẹ̀rọ. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yìí kì í jẹun. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́." Bàbá mi dìde. Aṣọ tó ń rán bọ́ sílẹ̀, kò wò ó.

Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Iléṣà ló gbé ìròyìn náà lọ. Kò pẹ́ tí ìyá ìyá mi fi sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa nínú bọ́lẹ́kájà, ọkọ̀ onípákó ayé ìgbà náà. Ìyá Iléṣà là ń pè é. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, dúdú, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Kó tó mu omi, ó ti gbé Ràfátù sórí itan, ó ń fọwọ́ wá egungun ìhà rẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, mo fẹ́ mú u lọ sí ulé."

Ulé… bí Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pe ilé nìyẹn. Iṣu, uṣu ni. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ìyá wọn ti lọ. Tí eléyìí bá tún lọ, kí ló kù tí mo ń torí rẹ̀ ránṣọ?"

"Bó bá kú mọ́ ọ lọ́wọ́ ńkọ́?"

Bàbá mi wà nílẹ̀ níbẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ń gbàdúrà, mi ò sì mọ ohun tí mò ń tọrọ. Ṣé kí wọ́n mú un lọ kó lè yè ni, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa? Mi ò mọ̀.

Ìyá Iléṣà gbé Ràfátù kúrò lórí itan. Ó wá ní, "Dìde. Mi ò wá tú ilé ọmọ mi ká. Màá dúró títí òjò ọdún yìí á fi dáwọ́. Àárọ̀ nìkan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀sán, tìrẹ ni. Alẹ́, tìrẹ ni. Àmọ́ àárọ̀, má bá mi dá sí i. Bí ara ọmọ yìí ò bá bọ̀ sípò, ó ń bá mi lọ."

Bàbá mi gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mi ò gbọ́ ariwo. Ọwọ́ kan ló kàn mí lẹ́sẹ̀. Ládàánì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe ìrun ni. Ìyá Iléṣà jókòó sétí ẹní, ó ń pe oríkì wa jẹ́jẹ́… "Àṣàkẹ́… Àkànní… Àbẹ̀kẹ́…" Èmi ni Àṣàkẹ́, Múfútáù ni Àkànní, Ràfátù ni Àbẹ̀kẹ́. Á pè é, á dúró, á tún pè é. Ó máa ń sọ pé, "Orí ọmọ ló ń kọ́kọ́ jí, ara ló ń tẹ̀ lé e. Ohun tí orí bá kọ́kọ́ gbọ́, òun ni yóò bá rìn lọ́jọ́ náà."

Ẹní Ràfátù tutù. Ọmọ náà ti ká ara jọ, ó ń retí pàṣán. Ìyá Iléṣà ká ẹní náà, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó padà wá, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti wà fún ọ." Ó parí. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹní. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, ní gbogbo ìgbà tó bá tutù. Bàbá mi wò ó títí, kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ ó ba ọmọ yìí jẹ́."

Ìyá Iléṣà ní, "Pàṣán ti sọ tirẹ̀. Kí ló rí sọ? Ẹkún tí kò ráyè gba ojú jáde, ibòmíràn ló ń gbà jáde."

Bàbá mi wọ inú yàrá lọ. Ó pẹ́ kó tó jáde.

A wá ní ètò. Tí a bá jí, a ó ṣe àlùwàlá, a ó tò sẹ́yìn bàbá mi, a ó kírun. Onígbàgbọ́ ni Ìyá Iléṣà o. Òun á jókòó síta, á máa gba àdúrà tirẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kan jà lórí rẹ̀. Ẹ wo tòní… ẹ jẹ́ n dákẹ́. Tí a bá kírun tán, orín ló kàn. "Orín kọ́kọ́, kí orin tó tẹ̀ lé e," ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀.

Orín lẹ́nu, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ló ń gbálẹ̀. Ìyá Iléṣà fi ìdí ìgbálẹ̀ fa ìlà sí àgbàlá, ó pín in: tèmi, ti Múfútáù, àti igun kékeré kan lábẹ́ igi máńgòrò fún Ràfátù. Ẹni tó bá gbá tirẹ̀ tán, kó ya ohun tó wù ú sórí iyẹ̀pẹ̀. Múfútáù á ya lọ́rì. Èmi á ya ilé. Àwọn adìẹ á wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àwa á máa lé wọn. Ràfátù kì í ya nǹkan kan. Á gbá tirẹ̀, á dúró.

Ó tún ní kí Múfútáù máa pọn omi. Bàbá mi ní, "Ìyá, ọkùnrin ni." Ìyá Iléṣà ní, "Ṣé ọkùnrin kì í wẹ̀ ni?" Ọ̀rọ̀ tán.

Oúnjẹ ló kù. Kì í ṣe pé oúnjẹ ò sí. Ẹ̀kọ mímu tó ń rú èéfín, àkàrà gbígbóná. Ọjọ́ mìíràn, iṣu sísè àti epo… ẹ mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ò fi iṣu ṣeré. Ràfátù ò jẹ. Á fi kan ètè, á gbé e sílẹ̀. Ìyá Iléṣà ò fipá mú un. Ó ń wò ó ni. Ó ń wo ibi tí ojú ọmọ máa ń lọ. Ó rí i pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa ń lọ, níbi tí bàbá mi ti jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Ó pè mí sẹ́yìn ààrò. Ó ní, "Sàlámọ̀, ta ni ìyá yín máa ń bá jẹun láàárọ̀?"

Mo ní, "Bàbá ni. Wọ́n jọ máa ń jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà. Ràfátù á jókòó sáàárín wọn."

"Ta ló ń bá bàbá yín jẹ ẹ́ báyìí?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rò ó. Bàbá mi kì í jẹun láàárọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò fi nǹkan kan ẹnu kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwa tí a ń gbé inú ilé náà, a ò rí i.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, Ìyá Iléṣà tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó gbé abọ́ ẹ̀kọ síbẹ̀. Ó gbé àwo àkàrà lé Ràfátù lọ́wọ́. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun."

"Ìyá, ebi ò pa mí."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ebi ń pa ọ́. Ọmọ tó ń rí bàbá rẹ̀ tí kò jẹun, á rò pé oúnjẹ ti di èèwọ̀ nílé yìí ni."

Bàbá mi wo Ràfátù. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì di àwo mú. Ó ti pẹ́ tó ti bá bàbá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá jẹ, èmi náà á jẹ."

Bàbá mi kúrò nídìí ẹ̀rọ, ó jókòó sórí ẹní. Ó mú àkàrà kan, ó bù ú sí méjì, ó fún un ní ìdajì, ó fi ìdajì sẹ́nu. Mo rí i. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ràfátù ń wo ẹnu rẹ̀. Ìgbà tí bàbá mi gbé tirẹ̀ mì ni òun náà tó fi tirẹ̀ sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ìyá Iléṣà ti kọjú sí ògiri, ó ń gbọn ìborùn rẹ̀ bí ẹni pé eruku wà lára rẹ̀. Ẹ má gbàgbé, ọmọ tirẹ̀ ló kú. Gbogbo àárọ̀ tó ń pe oríkì wa, kò sí ẹni tó ń pe tirẹ̀.

Ṣé ohun gbogbo dára lọ́jọ́ kan náà ni? Rárá o. Ẹní ṣì ń tutù. Ó di pé ó ń fo ọjọ́, ó ń fo ọ̀sẹ̀, ó wá tán. A ò mọ ọjọ́ tó tán. A bẹ̀rẹ̀ sí í dé iléèwé kí agogo tó lù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ràfátù kún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nígun rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ya nǹkan. Mo ní kí ni. Ó ní, "Adìẹ ni. Tí wọ́n bá rí ara wọn níbẹ̀, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́." Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ràfátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá mi dá ẹ̀rọ dúró, ó ń gbọ́.

Òjò ọdún náà dáwọ́. Ìyá Iléṣà di ẹrù rẹ̀. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò balẹ̀, kò mọ̀ bóyá ọmọ ń lọ. Ìyá Iléṣà gbé ẹrù tirẹ̀ nìkan. Ó ní, "Àárọ̀ rẹ nìyí, mo dá a padà fún ọ. Má jẹ́ kó tún bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́." Ó bá lọ́rì lọ.

Àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, a dùbúlẹ̀, a ti jí, à ń retí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Bàbá mi wá jókòó sétí ẹní. Ó wú ikọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì wa. Ohùn rẹ̀ ò dùn bíi ti Ìyá Iléṣà rárá, ó sì ṣi ti Múfútáù pè. A díbọ́n pé a ṣì ń sùn kó lè pè é pẹ́.

Ràfátù yè. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, láàárín àwọn ọdún 1970, òun gan-an ló ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kàwé n'Íléṣà, lọ́dọ̀ Ìyá Iléṣà. Ó di tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, iṣẹ́ náà ló ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ mọ bó ṣe ń jẹun.

Ìdáyátù, mi ò ní kí o padà sí orín. Búrọ́ọ̀ṣì dára. Mi ò ní kí ọmọ rẹ lọ pọn omi, ẹ̀rọ omi wà nílé rẹ. Àmọ́ ẹ̀yin ìsinsìnyí, fóònù lẹ kọ́kọ́ ń kí kí ẹ tó kí ọmọ. Tètè sùn, kí o lè tètè jí. Jókòó ti ọmọ náà díẹ̀ kó tó dìde. Fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tó jẹ́ tirẹ̀. Jẹ́ kó rí ọ bí o ṣe ń jẹun. Ká ní o pẹ́ díẹ̀ síbi iṣẹ́ ńkọ́? Iṣẹ́ á ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn àárọ̀ yẹn kì í pọ̀, ọmọ mi. O rò pé wọ́n pọ̀… wọn ò pọ̀. Gbogbo ọmọ tí mo bí ni mo jí. Wọ́n dàgbà, wọ́n ń jí fúnra wọn, wọ́n lọ. Báyìí, ilẹ̀ á mọ́, n ó ti jí kó tó mọ́, ilé á dákẹ́. Kò sí ẹni tí n ó jí.