Ọdún Tí Ẹ̀rọ Àlhájì Gbà Gbọ́

[Ìpè kan ṣoṣo, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, Kàdúná, ọdún 2024. WOSILAT ni akọ̀wé ilé oògùn Àlhájì Àúdù ní Rigasa, níbi tí àwọn ilé ìgbẹ̀bí àti kẹ́mísìtì ti ń ra ọjà. KÚNMI, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ayọ̀kúnmi, ló ń bá wọn tọ́jú kọ̀ǹpútà. Inú reluwé tó ń bọ̀ láti Abùjá ló wà. Láti Kubwa ló ti di fóònù mú gírígírí, tó ń retí ìpè láti ilé. Nígbà tó wá dún, orúkọ Wosilat ló rí.]

KÚNMI: Àǹtí Wosi, ẹ káàsán o.

WOSILAT: Káàsán, Kúnmi. Ṣé àlàáfíà ni? Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ti—

KÚNMI: Àlàáfíà ni, Àǹtí. Inú reluwé ni mo wà, mò ń bọ̀ nílé. Tó bá gé, ẹ má bínú.

WOSILAT: Toh. Mi ò ní í pẹ́. Ẹ̀rọ Àlhájì ni, ó ń ṣe nǹkan kan tí kò yé mi. Ìyàwó ńkọ́ ná? Ṣebí oṣù rẹ̀ ti pé?

KÚNMI: Ó ti bí, Àǹtí.

WOSILAT: Kai. Ìgbà wo?

KÚNMI: Ìdájí òní. Obìnrin ni. Gonin Gora ló bí sí, lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Edith.

WOSILAT: Madalla. Alhamdulillahi. Bàbá ìkókó, o ò sì pe èèyàn. Èmi tí mo fi Moyinọlá hàn ọ́, èmi ni mo tún ń fi ẹnu ara mi béèrè.

KÚNMI: [ẹ̀rín] Ẹ forí jì mí. Mo ní kí n fojú kan ọmọ ná. Màámi ló wà lọ́dọ̀ wọn.

WOSILAT: Moyin fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ara ẹ̀ le?

KÚNMI: Ó le. Ẹ̀jẹ̀ ló kàn ń— [ariwo]

WOSILAT: Ṣé o gbọ́ mi? Kúnmi, ṣé o gbọ́ mi?

KÚNMI: Mo gbọ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ni ò tíì dá dáadáa. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n tún gún un ní òmíràn. Màámi ní kí n fọkàn balẹ̀, nọ́ọ̀sì wà lórí ẹ̀. Kubwa la ti sọ̀rọ̀ yẹn. Látìgbà náà, tí mo bá pè wọ́n, kì í wọlé.

WOSILAT: Ọlọ́hun á bá wa dá a dúró. Jẹ́ kí n fi ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lè dúró.

KÚNMI: Rárá, ẹ sọ ọ́. Ẹ jẹ́ á máa sọ nǹkan kan, Àǹtí. Tí mo bá dákẹ́, ọkàn mi kì í lélẹ̀.

WOSILAT: Toh. Ṣé o mọ òkè ojú kọ̀ǹpútà yẹn, níbi tó máa ń kọ déètì sí? Kò kọ ohun tó máa ń kọ mọ́. Ó ti ń kọ ọdún tí a wà. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú ọkàn mi, mo ní o ti bá a wí, kò purọ́ mọ́.

KÚNMI: Ẹ ka á fún mi.

WOSILAT: Méjì, mẹ́rin.

KÚNMI: 24?

WOSILAT: Ẹ̀n-hẹ́n. Tẹ́lẹ̀, 96 ló máa ń kọ.

KÚNMI: Kò gbọ́dọ̀ kọ 24.

WOSILAT: Ṣebí 2024 la wà.

KÚNMI: Àwa la wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Àǹtí, ẹ rántí, mainframe, kọ̀ǹpútà ńlá tí Àlhájì ń lò nígbà tí wọ́n wà ní ilé-iṣẹ́ aṣọ, èyí tó gba odindi yàrá, ó ti kú tipẹ́. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú yín yẹn, Linux lásán ni. Emulator tí mo dì sínú ẹ̀ ló ń ṣe bíi mainframe, kí prógíráàmù Àlhájì lè rò pé ilé àtijọ́ lòun ṣì wà. Prógíráàmù yẹn ò sì mọ ọdún kankan tó kọjá 99. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá aago rẹ̀ padà sẹ́yìn ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, kí Jímọ̀ọ̀ lè bọ́ sí Jímọ̀ọ̀.

WOSILAT: Mo mọ ìyẹn. Èmi náà ni mò ń yọ méjìdínlọ́gbọ̀n yẹn. Oògùn tó máa bàjẹ́ ní 2026, 98 ni mò ń tẹ̀ sí i. Mo ti—

KÚNMI: Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 24?

WOSILAT: Láti ìgbà tí o fi upgrade yẹn ránṣẹ́. Mubashir tó ń tọ́jú sítọ̀ ló bá wa ṣe é. Ó bi wá ní ìbéèrè kan lójú ẹ̀: ṣé ká fi settings wa sílẹ̀ ni, àbí ká gba èyí tó bá package wá. A pè ọ́. O ní ohunkóhun tó bá bi wá, ká ṣáà gba tuntun.

KÚNMI: Mo sọ bẹ́ẹ̀.

WOSILAT: O ní ìwọ lo ṣe tuntun yẹn fúnra rẹ, òun ló dára jù.

KÚNMI: Mo sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Mo sọ ọ́. [ó mí kanlẹ̀] Mo ti yọ aago tí mo dá padà sẹ́yìn yẹn kúrò nínú tuntun. Àwọn tó ń yẹ package, ìyẹn prógíráàmù tí a dì fún pínpín, wò kí wọ́n tó gbà á wọlé ní setting ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí gbogbo ayé máa lò. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo yọ ọ́. Inú kọ̀ǹpútà tiyín nìkan ló kù sí, èmi náà ni mo sì ní kí ẹ fi tuntun bò ó. Ó ti lọ lọ́kàn mi. Àfi bíi pé—

WOSILAT: Ohùn ẹ ń gé. Ṣé o gbọ́ mi?

KÚNMI: Mo gbọ́. Àǹtí, oògùn tí ẹ̀rọ ti sọ pé ó ti bàjẹ́, tó ní kí ẹ má tà, ṣé ó ṣì ń dá a dúró?

WOSILAT: Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Kò dá nǹkan kan dúró mọ́. Gbogbo páálí tó wà ní kọ̀rọ̀, tí a ń retí kí Àlhájì wá dáná sun, ó ní OK, ká tà á. Mubashir ní àánú la rí gbà.

KÚNMI: 94 ju 24 lọ.

WOSILAT: Kí ni?

KÚNMI: Ohun tó bàjẹ́ ní 2022, 94 lẹ tẹ̀ sí i. Tí aago bá wà ní 96, ẹ̀rọ á rí i pé 94 ti kọjá, á dá a dúró. Tí aago bá wà ní 24, lójú tiẹ̀, 94 ṣì wà níwájú. Kò sí oògùn kankan tó lè bàjẹ́ mọ́ nínú ilé yẹn, Àǹtí. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn.

WOSILAT: Wàlláhì, a ti tà nínú ẹ̀.

KÚNMI: Èwo lẹ tà?

WOSILAT: Mubashir, zo nan. [Ohùn ọkùnrin kan lẹ́yìn, kò hàn ketekete.] Ó ní oògùn ikọ́ ọmọdé ti wà nílẹ̀ láti gbé jáde, àmọ́ wọn ò tíì wá gbé e. Abẹ́rẹ́ nìkan ló ti jáde.

KÚNMI: Abẹ́rẹ́ wo?

WOSILAT: Kúnmi.

KÚNMI: Àǹtí, abẹ́rẹ́ wo?

WOSILAT: Ti ìgbẹ̀bí. Oxytocin. Èyí tí wọ́n ń gún wọn tí wọ́n bá bímọ tán, kí ẹ̀jẹ̀ lè dá.

[Ariwo ẹsẹ̀ reluwé lórí irin.]

WOSILAT: Ṣé o gbọ́ mi?

KÚNMI: Ta lẹ tà á fún?

WOSILAT: Edith ló rán èèyàn wá. Lọ́sẹ̀ yìí.

KÚNMI: Inú fíríìjì ló wà kí ẹ tó tà á?

WOSILAT: Ohun tí ẹ̀rọ bá ti dá dúró, a kì í fi í sí fíríìjì mọ́. Kọ̀rọ̀ ló wà. Ibẹ̀ ni ooru ọdún tó kọjá bá a, ibẹ̀ náà ni tọdún yìí bá a.

KÚNMI: Omi lásán ni wọ́n ń gún un.

WOSILAT: Má sọ bẹ́ẹ̀.

KÚNMI: Ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Omi lásán. Kò sẹ́ni tó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò ni?

WOSILAT: Àwa, nọ́ńbà páálí là ń wò. Ohun tí ẹ̀rọ bá ti ní ká mú, òun la máa ń mú, bí Àlhájì ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ìgò yẹn ò sì ju ọmọ ìka lọ, Kúnmi. Edith gbà wá gbọ́ ni.

KÚNMI: Tuntun wà nínú fíríìjì?

WOSILAT: Ó wà.

KÚNMI: Kí Mubashir kó yìnyín sínú kúlà, kó wọ mọ́tò Àlhájì, kó gba bypass—

WOSILAT: Jímọ̀ọ̀ ni òní. Wọ́n ń kírun lọ́wọ́. Ẹní ti bo títì láti iwájú wa títí dé mọ́sáláṣí, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì wà lápò Àlhájì lórí ìrun. Jẹ́ kó fẹsẹ̀ sá dé bypass, kó wọ keke níbẹ̀. Mubashir, gbé kúlà. Kó tuntun sí i. Sauri, yára, don Allah.

KÚNMI: Ó jìnnà jù. Láti Rigasa dé Gonin Gora, odindi ìlú ni. Ta ló ra nínú èyí tó dára? Ẹ rò ó, Àǹtí. Ẹni tó sún mọ́ ibẹ̀.

WOSILAT: Iman. Ọmọ yẹn tó ní kẹ́mísìtì ní Trikania. Inú fíríìjì la ti mú tiẹ̀.

KÚNMI: Ẹ pè é. Fóònù yín kejì lẹ máa fi pè é. Ẹ má gé tèmi, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá gé e, mi ò lè rí yín mọ́.

WOSILAT: Mo ti ń pè é. [Bọ́tìnnì fóònù ń dún.] Iman? Àǹtí Wosilat ni. Rárá, kì í ṣe ti ọjà. Oxytocin tó wà lọ́wọ́ rẹ, kó o, fi yìnyín sí i, kí ìwọ fúnra rẹ wọ keke lọ sọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Edith ní Gonin Gora. Nísinsìnyí. Ti kẹ́mísìtì sílẹ̀. Tí sójà bá dá yín dúró ní checkpoint, sọ fún wọn pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló ń kú lọ. Ẹ̀n. Máa lọ. [sí Kúnmi] O gbọ́ ọ? Ó ń lọ.

KÚNMI: Ẹ ní ó ń kú lọ.

WOSILAT: Kí sójà lè jẹ́ kó kọjá ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

KÚNMI: Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí.

WOSILAT: Mo mọ̀. Èmi náà.

KÚNMI: Mò ń rẹ́rìn-ín ni láàárọ̀ yìí. Gbogbo ẹni tó wà ní kóòṣì yìí ni mo sọ fún pé mo ti di bàbá. Èmi ni mo sì—

WOSILAT: Dákẹ́. Àwa la gbé e tà. Má tíì pín ẹ̀bi báyìí. Jẹ́ kí n pe Edith, kó má gún un ní irú ẹ̀ mọ́. [Fóònù kejì ń dún lọ, ó ń dún lọ.] Kò gbé e.

KÚNMI: Ẹ tún un pè.

WOSILAT: Mò ń pè é. Ọwọ́ ẹ̀ á dí ni. [Ó ń dún.] Kò gbé— [ariwo]

KÚNMI: Àǹtí? Àǹtí Wosi, ṣé ẹ gbọ́ mi?

WOSILAT: Mo wà níbí. Níbo lẹ dé?

KÚNMI: Mi ò mọ̀. Igbó ni mò ń rí. Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n wá ẹ̀jẹ̀ fún un. Tèmi bá tiẹ̀ mu. Tí reluwé bá ti dúró báyìí—

[Fóònù kejì dún.]

WOSILAT: Edith nìyí.

KÚNMI: Ẹ fi í sí sípíkà.

WOSILAT: Dúró ná.

KÚNMI: Àǹtí, sípíkà.

[Ohùn Wosilat jìnnà sí fóònù: “Edith, abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ má ṣe… Ẹ̀n. … Ìgbà wo? … Ìyá ọkọ ẹ̀ wà níbẹ̀? … Ẹ má jẹ́ kó dá wà.” Lẹ́yìn náà, ìró fáànù tó ń yí lókè.]

KÚNMI: Kí ni wọ́n sọ?

WOSILAT: Kúnmi.

KÚNMI: Ẹ ti sọ fún wọn pé Iman ń bọ̀? Wọ́n á dúró dè é, àbí?

WOSILAT: Ta ló jókòó tì ọ́ níbẹ̀?

KÚNMI: Kí ló dé?

WOSILAT: Mo ní ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé àgbàlagbà ni?

KÚNMI: Bàbá kan ni. Wọ́n ń sùn.

WOSILAT: Jí wọn. Gbé fóònù fún wọn.

KÚNMI: Àǹtí, ẹ má ṣe é fún mi bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe túfọ̀ bàbá mi fún mi náà nìyẹn. Mo mọ̀ ọ́n.

WOSILAT: Jí wọn, àbúrò mi.

KÚNMI: Ọmọ ńkọ́?

WOSILAT: Ọmọ wà. Ara ọmọ le. Ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ.

KÚNMI: Ẹ sọ pé òun náà wà.

WOSILAT: Tí o bá sọ̀ ní Rigasa níbí, má gba Gonin Gora lọ. Èmi àti Àlhájì á dúró dè ọ́ ní ẹnu géètì.

KÚNMI: Ẹ kàn sọ pé ó wà, Àǹtí. Irọ́ ni, mo mọ̀. Ẹ sọ ọ́ kí n lè délé.

WOSILAT: Gbé fóònù fún bàbá yẹn.

[Aṣọ ń ha fóònù. Ohùn Kúnmi láti òkèèrè: “Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, sà. Wọ́n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.”]

OHÙN BÀBÁ ÀGBÀ: Salamu alaikum. Wa ke magana?

WOSILAT: Wa alaikumu salam. Baba, ẹ gbọ́ Yorùbá?

OHÙN BÀBÁ ÀGBÀ: Mo gbọ́ díẹ̀.

WOSILAT: Ọmọ tó gbé fóònù fún yín yẹn, ẹ dì í mú. Don Allah, ẹ dì í mú dáadáa, kó má lọ sí ẹnu ọ̀nà reluwé. Ìyàwó ẹ̀—

[Ìpè já.]